Bí Ìyá Àgbà Ṣe Ń Fi Ara Gbọ́ Atẹ́gùn

Ó ti lé ní ọdún kan tí ìyá bàbá mi ti lọ, mi ò sì tíì kọ ohun kan tó nítumọ̀ nípa wọn. Nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn ń bọ̀, àwọn ẹbí ní èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni kí n kọ ìtàn wọn sínú ìwé pélébé tí a fẹ́ pín fún àlejò. Mo jókòó ti bébà náà. Mo kọ orúkọ wọn, mo kọ ọ́ pé Ìròlú ni wọ́n bí wọn sí, mo sì dúró síbẹ̀. Ẹlòmíì ló bá mi parí rẹ̀. Ohun tó kọ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á kò lè dá Ìyá Àgbà mọ̀ yàtọ̀ láàárín gbogbo ìyá arúgbó tó ti ta obì rí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Èyí tí mò ń kọ báyìí pẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà kì í kánjú.

Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Ṣàgámù kí n tó fẹ̀yìntì. Ilé mi wà ní Ìlíṣàn. Ìyàwó mi, Fọlákẹ́, kú ní bí oṣù mẹ́sàn-án kí Ìyá Àgbà tó lọ. Mo dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí pé mi ò lè sọ ti ọ̀kan láì sọ ti èkejì.

Ìjà kan ṣoṣo ni èmi àti Ìyá Àgbà jà láyé wa, ọdún méje ló sì gbà wá. Ojú wọn ti fọ́, wọ́n sì ń dá gbé ní Ìròlú. Mo fẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn ò lọ. Bí mo bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé, wọn a ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Bí mo bá jẹun tán, wọn a ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí n máa lọ kí ọ̀kadà tó wọ́n.

Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni wọ́n máa ń sọ. Mo ti yí ọ̀rọ̀ wọn sí Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, adùn rẹ̀ sì ti dín kù.

Obì ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń ra gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi, wọn a bó èèpo funfun ara rẹ̀ kúrò, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a kó o sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́, títí àwọn oníṣòwò Ṣàgámù yóò fi wá gbé e. Àìsàn tó ń jí ojú kó díẹ̀díẹ̀ ló mú wọn. Wọ́n sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí òjìji tó ṣẹ́ kù fún wọn náà lọ. A rò pé obì tán nìyẹn. Wọn ò sinmi ju ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ti ń sinmi tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọn a jókòó sórí àpótí pẹlẹbẹ, wọn a na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn a máa ṣa obì. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni wọ́n fi ń gba ara rẹ̀ kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré. Èyí tí kòkòrò ti wọ̀ á lọ sí òsì, èyí tó dá ṣáká á lọ sí ọ̀tún. Mo dán wọn wò lọ́jọ́ kan. Mo mú obì kan tí mo ti yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn nínú oòrùn, tí mi ò rí ihò kankan lára rẹ̀, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò gbà á kọjá, wọ́n jù ú sí òsì.

"Ìyá, kò sí nǹkan tó ṣe ìyẹn o."

"Là á."

Mo là á. Kòkòrò funfun kékeré kan ká jọ sáàárín awẹ́ rẹ̀, ó ń yí orí.

"Tíṣà wa," wọ́n ní, "ẹ bá mi kí i kú ilé."

Ohun tó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ agbọ̀n. Obì tí a dì sínú ewé ṣì ń mí. Bí ó bá ti fẹ́ bàjẹ́, ooru á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwa tí a ríran, àfi kí a tú agbọ̀n dà sílẹ̀ kí a tó mọ̀. Ìyá Àgbà kì í tilẹ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọn a na ẹ̀yìn ọwọ́ sí òkè ewé, wọn ò ní fi kàn án, wọn a dúró díẹ̀, wọn a lọ sí èkejì. "Ẹ tú ti ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn." A ó tú u, a ó bá a tí ó ti ń làágùn nísàlẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń lo ẹ̀yìn ọwọ́ dípò àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ti ṣiṣẹ́ jù, ó ti yigbì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ ṣì ní irun. Nígbà yẹn, mi ò fi ọ̀rọ̀ irun yẹn ṣe nǹkan kan. Èyí tí mo rántí ni ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e: "Obì tó bá fẹ́ bàjẹ́ á kọ́kọ́ sọ fún ọ. Ohùn rẹ̀ ni kò lọ sókè."

Àwọn òòbẹ̀, ìyẹn àdán kéékèèké, wà nínú àjà ilé yẹn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wọn a gba abẹ́ páànù jáde ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́. Ìyá Àgbà a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọn a gbé ojú sókè bí ẹni pé wọ́n ń rí wọn. "Àwọn ará òkè ti ń lọ síbi iṣẹ́," ni wọ́n máa ń wí, wọn a sì ní Ọlọ́run á mú wọn bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí èmi àti Fọlákẹ́ wá kí wọn, a bá òòbẹ̀ kan nínú agbọ̀n òfìfo. Ó ti ré bọ́ láti òkè, kò sì lè gbéra. Mo ní ìbọ̀wọ́ awọ nínú báàgì mi, nítorí pé ẹranko yìí lè gbé àrùn, eyín rẹ̀ sì mú. Mo fi ìbọ̀wọ́ mú un, mo fi aṣọ bò ó lórí. Ìyá Àgbà ní kí n gbé e wá kí àwọn fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Tóyìn, ẹ di ẹnu rẹ̀ mú dáadáa o," Fọlákẹ́ ní. "Ẹ má jẹ́ kó bu Ìyá jẹ."

"Ta ló máa jẹ egungun?" ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Bí mo ṣe ń na apá kan rẹ̀ fún wọn, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, nítorí pé iṣẹ́ tíṣà kì í kúrò lára ènìyàn. Mo ní òòbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lo ojú lókùnkùn. Ariwo ni ó ń pa, tí etí wa kò lè gbọ́, ariwo náà á kan ohun tó wà níwájú, á padà wá bá a, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń mọ ọ̀nà.

"Etí nìkan?"

"Etí nìkan, Ìyá."

Ohun tí mo ti fi ọdún tó lé ní ogún kọ sí bọ́ọ̀dù nìyẹn. Ìka wọn ti wà lára apá ẹranko náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú ewé ara obì. "Apá rèé. Ìgbọ̀nwọ́ rèé. Ọrùn ọwọ́ rèé." Wọ́n dúró. "Àtàǹpàkò rèé, èékánná ń bẹ lórí rẹ̀." Wọ́n tẹ̀ síwájú lára àwọn egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó na awọ náà bí ọ̀pá agbòòrùn. "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin." Wọ́n gbójú sókè síbi tí wọ́n rò pé ojú mi wà. "Àjàní, ọwọ́ ni! Ọwọ́ ni wọ́n fi awọ bò."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀, ó wà nínú ìwé.

"Ó wà nínú ìwé, o sì ní etí nìkan."

Wọ́n wá rẹ orí sílẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn ẹnu wọn sórí awọ náà, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń fẹ́ eérú kúrò lórí iṣu sísun. Láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Kò mira. Wọ́n yí orí padà, wọ́n fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ìka rẹ̀ kan ká. Wọ́n tún fẹ́ ẹ. Ó tún ká. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ, etí rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ, ọwọ́ mi sì di ara rẹ̀ mú. Mo rí i pé gbogbo ìgbà tí èémí wọn bá gba ẹ̀yìn wá ni awọ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń tún ara rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ó fẹ́ dìde sórí atẹ́gùn náà. Fọlákẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Irun wà lára rẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ìyá, apá rẹ̀ pá. Mò ń wò ó."

"Máa wò ó nígbà náà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gbé e sórí igi lẹ́yìnkùlé, ó gbéra, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo rí òkú òòbẹ̀ kan tó ti gbẹ nínú àjà ilé ìwé wa, mo sì gbé apá rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkópù. Irun wà níbẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ, ó tín-ín-rín débi pé ojú lásán kò lè rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà. Mo bá a níbẹ̀ pé àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n: ní ìdí irun wọ̀nyẹn ni iṣan tó ń gba ìròyìn ìfọwọ́kàn wà, atẹ́gùn tó bá sì gba ẹ̀yìn wá ni púpọ̀ nínú wọn ń gbọ́ jù, nítorí pé irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ni àmì pé ẹni tó ń fò fẹ́ já bọ́. Ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ fọ́, tí kò ka ìwé kankan àyàfi Kùránì tí wọ́n kọ́ ọ sórí, ti fi èémí lásán rí i níwájú mi. Mo padà sí kíláàsì mi, mo ní kí àwọn ọmọ fa igi lé ohun tí mo kọ́ wọn. Nígbà tí mo lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn ò yọ̀, kò sì yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n kàn ní: "Kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi awọ tó tó báyẹn ṣe, tí kò ní fi gbọ́ nǹkan?"

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn tán, mo sì tún ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò lè fi pamọ́.

Àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà ni Bọ̀dá Wàsíù, àbúrò bàbá mi, tó ń gbé ní Èkó. Òun àti èmi fẹnu kò pé a ó tún ilé Ìròlú ṣe fún wọn. A mú wọn wá sí Ìlíṣàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ní dókítà fẹ́ wo ojú wọn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ mi, a fi èéfín lé àwọn òòbẹ̀ jáde, a fi sílíìnì tuntun dí àjà pa. A yọ fèrèsé onígi, a fi gíláàsì tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ dípò rẹ̀. A gbé ilẹ̀kùn irin sí iwájú àti ẹ̀yìn, rọ́bà yí etí wọn ká kí eruku má baà wọlé. Fọlákẹ́ bi mí pé, "Ṣé ẹ bi Ìyá léèrè?" Mo ní ìyàlẹ́nu ni a fẹ́ fi ṣe fún wọn.

Ọjọ́ tí a mú wọn padà, wọ́n wọlé, wọ́n dúró.

"Ilé ta ni ẹ mú mi wá?"

"Ilé yín ni, Màmá," Bọ̀dá Wàsíù ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "A tún un ṣe ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ohun tí mo rántí ni pé wọ́n yára. Àwọn tí kì í sáré rí, wọ́n ń yára nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń rìn láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, wọ́n yà gba ọ̀nà tó jìn kí wọ́n tó kọjú sí yàrá wọn, wọ́n sì fi iwájú orí gbá ògiri. Ó wú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún gbá a. Wọ́n wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí, wọn ò rí i. Lẹ́yìn náà ni mo kà á nínú ìwé pé nígbà tí àwọn onímọ̀ fi oògùn yọ irun apá àwọn òòbẹ̀ kan, tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fò láàárín igi tí wọ́n tò sílẹ̀, àwọn òòbẹ̀ náà ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń yà ní ọ̀nà jíjìn. Wọn ò mọ bí atẹ́gùn ṣe gbé wọn mọ́. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo pa ìwé náà dé, mi ò sì lè ṣí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gbá ògiri yẹn, ẹ̀rí ni a fi ìyẹn ṣe. Bọ̀dá Wàsíù ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ti rí i báyìí. Ẹ ò lè dá gbé mọ́." Èmi náà ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n jẹ́ ká padà sí Ìlíṣàn. Ìyá Àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ ibi tó wú náà. Wọ́n ní: "Ẹ fọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sì ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ríran."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, káfíńtà kan ní Ìròlú pè mí lórí fóònù. Ẹ̀rù ń bà á.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Màmá ní kí n yọ fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n sì gé rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Ṣé kí n yọ ọ́?"

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lẹ́yìn rẹ̀: "Bi í bóyá òun ló ń gbé ibẹ̀!"

Mo ní kó dúró ná. Fọlákẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Káfíńtà, ẹ yọ ọ́," ó ní. "Ẹ yọ ti ẹ̀yìnkùlé mọ́ ọn." Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Àgbà ń rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú búútà omi lọ́wọ́, wọn ò gbá nǹkan kan. Wọ́n gbọ́ pé mo ti dé. "Epo ni wọ́n ń rọ sínú ìgò, Àjàní," ni wọ́n wí. "Èmi kì í ṣe epo."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni gbogbo ojú wọn. Iwájú rẹ̀ kọjú sí títì, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí oko, atẹ́gùn kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí ni àárín rẹ̀, apá wọn kì í ní aṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn á ti mú ìròyìn rẹ̀ dé ara wọn kí ó tó kí wọn. Wọ́n mọ ẹni tó ru ẹrù. Wọ́n mọ ẹni méjì tó wọlé pọ̀. Fọlákẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yọ́ rìn wọlé, èmi dúró síta. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kẹta tí Ìyá Àgbà fi ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀gún lo tẹ̀ ni àbí olè lo fẹ́ jà?" Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé àwa tí a lójú kì í mọ ẹni tó wà lẹ́yìn wa. Wọ́n ní: "Ojú ń wo ibi tó bá kọjú sí. Awọ ara kò ní ẹ̀yìn."

Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ìlíṣàn, ìyàwó mi ló máa ń pa mí lẹ́nu mọ́. "Bàbá Tóyìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ fẹ́ gbé wọn wá síbi tí wọn ò ti ní mọ ẹnikẹ́ni, kí ọkàn yín lè balẹ̀." Òun nìkan ló dúró fún wọn nínú gbogbo ẹbí.

Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ àìsàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kú kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílé tiwa, bí ọmọdé bá kú lójú àgbà, a kì í tètè jẹ́ kí àgbà gbọ́. Ẹbí jókòó, wọ́n ní ìròyìn yìí lè mú Ìyá Àgbà lọ. Bọ̀dá Wàsíù ní kí a sọ pé Fọlákẹ́ lọ bá Tóyìn ọmọ wa ní Àbújá, ó lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Gbogbo wa gbà. A sì tún pinnu ohun kejì: ní oṣù tó ń bọ̀, a ó gbé Ìyá Àgbà wá sí Ìlíṣàn, wọ́n fẹ́, wọ́n kọ̀. Kò sí ẹni tó máa bá wọn gbèjà mọ́.

Mo lọ sí Ìròlú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a sin ín. Wọ́n ní, "O dá wá." Mo sọ ti Àbújá. Wọ́n ní Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí. Mo tún lọ. Wọ́n ní, "O tún dá wá." Mo ní ọmọ náà ń sunkún jù, ìyá rẹ̀ kò tíì fẹ́ kí Fọlákẹ́ padà. Wọ́n ní kí n jẹun.

Ní ìgbà kẹta, mo wọlé, mo sì kí wọn. Agbọ̀n wà níwájú wọn, ọwọ́ wọn kò sì sí nínú rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni ẹ sin ín?"

Mo ní, "Ta ni, Ìyá?"

"Àjàní."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn. Inú ti ń bí mi sí Bọ̀dá Wàsíù, sí káfíńtà, sí ẹnikẹ́ni tó lè tú àṣírí náà.

"Kò sẹ́ni tó sọ," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé tí o wọlé. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, o ṣì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹlòmíì lè kọjá. O ń dúró de ẹni náà. Atẹ́gùn ló ń gba ibẹ̀ kọjá wá bá mi. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ rìnrìn àjò kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń yà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sunkún láti ìgbà tó ti kú, ní ẹni ọgọ́ta ọdún, lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n obì. Wọn ò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní kí n wọ yàrá lọ, kí n gbé àpótí wọn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lẹ fẹ́ mú níbẹ̀?"

"Àpótí náà ni. Ìlíṣàn là ń lọ."

Mi ò gbọ́ ọ yé. Mo ní kò sí ìkánjú. Mo ní àwa ò tilẹ̀ ní fipá mú wọn mọ́, kí wọ́n jókòó sínú ilé wọn. Ọdún méje ni mo fi bẹ̀ wọ́n, èmi náà ló wá ń bẹ̀ wọ́n báyìí pé kí wọ́n má lọ. Mo ní, "Ìyá, ilé yín ńkọ́?"

"Ilé mi kò ṣọ̀fọ̀," ni wọ́n wí. "Ìwọ lò ń ṣọ̀fọ̀."

Wọ́n ní kí a kó obì fún ìyá tó múlé tì wọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n dúró díẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń lu ara wọn láti iwájú, wọ́n sì di èjìká mi mú. Wọn ò padà síbẹ̀ mọ́ láàyè.

Oṣù méje ni wọ́n lò lọ́dọ̀ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, wọ́n fi ara ti ìrọ̀rí, wọ́n sì lọ. Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé wọ́n kú ikú ẹ̀yẹ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n lò nínú ilé mi ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Gíláàsì ni gbogbo fèrèsé mi, mi ò sì tíì ṣí ọ̀kankan láti ìgbà tí a ti sin Fọlákẹ́. Wọ́n gbá àga. Wọ́n gbá ògiri. Wọ́n fi orúnkún gbá tábìlì tí mo rò pé mo ti sún kúrò lọ́nà. Mo ń wo iwájú orí wọn tó wú, mo sì mọ ohun tó fà á ju ẹnikẹ́ni lọ ní Rẹ́mọ. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ojú kejì sílẹ̀ ní Ìròlú, nítorí pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ń dá wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo jí, mo bá gbogbo fèrèsé ní ṣíṣí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe rí ibi tí a ti ń ṣí wọn. Wọ́n dúró láàárín pálọ̀, wọ́n ti ká apá aṣọ wọn sókè dé èjìká, ọwọ́ méjèèjì ṣí díẹ̀ kúrò lára, wọ́n gbójú sókè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Mo pè wọ́n.

"Dúró síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Má tíì sọ̀rọ̀. Atẹ́gùn ilé rẹ kò tíì mọ̀ mí."